Mẹnáṣè

Ní Tìbéríà, nílé wa tó kọjú sí adágún,
a ti ń jà lórí orúkọ láti ọjọ́ kẹta.
Ọmọ ń sùn. Kò mọ̀ pé tìtorí òun
la ṣe ń gbá ìlẹ̀kùn mọ́ ara wa.

Ará Pólándì ni àwọn ìyá ìyá Orlì, ìyàwó àbúrò mi.
Lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ òkú ni wọ́n ń sọ ọmọ;
bí o bá sọ ọ́ lórúkọ alààyè,
wọ́n ní ikú lè ṣìnà, kó mú ọmọ dípò àgbà.
Lọ́dọ̀ tiwa, àwa tí a ti Ìsímírì wọkọ̀ ojú omi wá,
baba àgbà a máa jókòó,
a fi etí ara rẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lára ẹlòmíràn.
Nísímù ní, "Orúkọ baba mi ni. Ó parí."
Orlì ní, "Ṣé o mọ ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílé yìí?
Mẹ́mù, núnì, ṣínì, héè.
Ẹni tí ń múni gbàgbé.
Ọkùnrin kan ló sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Íjíbítì láyé ọjọ́un:
àwọn ọmọ baba rẹ̀ tà á bí ẹni ta àgbò,
ó dé ilẹ̀ àjèjì, ó dolówó,
ó gbé àkọ́bí rẹ̀ sókè, ó ní ìyà òun ti dìgbàgbé,
ilé baba òun náà ti dìgbàgbé.
Irọ́ ni. Ẹni tó gbàgbé kì í fi í sọmọ.
Ojoojúmọ́ tó bá pe ọmọ náà wá jẹun,
kòtò tí wọ́n jù ú sí ló ń fẹnu ara rẹ̀ pè.

Bohóòrù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, alápatà,
ní iṣan kan wà ní itan màlúù tí a kì í jẹ,
tí òun ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fà yọ láràárọ̀:
mẹ́ta nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn ló wà lórúkọ iṣan ọ̀hún.
Ó ní àwọn náà ni wọ́n fi ń kọ yíyáni lówó.
Àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀.
Èmi ò dá sí i. Mo kàn ń rò ó níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà:
ìgbàgbé, gbèsè, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tiro,
bóyá ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde.

Baba mi tó ni orúkọ,
ó mọ àpáta abẹ́ omi bí ẹni mọ eyín ẹnu ara rẹ̀.
Láti ìgbà òjò èṣí ni nǹkan ti ń jábọ́.
Orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà ilé ìwẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ìyá mi, tó gbé tíì dúró níwájú rẹ̀:
"Ẹ ṣeun, ìyáàfin. Ọkọ yín ńkọ́?"
Ìyá mi gbé tíì kalẹ̀.
Ó ní ọkọ òun wà lójú omi, ó ń bọ̀.

"Ẹ fẹ́ fi àìsàn sọ ọmọ mi," ni Orlì wí.
Ìyá mi ló dá a lóhùn, kò gbójú sókè:
"Ọgọ́rin ọdún ló fi jẹ́ Mẹnáṣè,
kò sì gbàgbé iye ẹja tí Ovádíà jẹ ẹ́ rí."

Ọjọ́ kẹjọ. A tẹ́ ìrọ̀rí sórí eékún rẹ̀.
Wọ́n fi wáìnì kan ọmọ létè.
Baba na ọwọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un.
Ó gbà á.
Ó gbé e.
Ó ń fi àtàǹpàkò tọ ara rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀
bí àwọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú omi jáde,
ó ń wá ibi tó ya.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"
Nísímù sọ ọ́. Ó tún un sọ, torí ọmọ ti figbe ta.
Baba ronú. Ẹnìkan ń wọ́ àga nílẹ̀.
"Mo mọ ẹnìkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí.
"Apẹja ni. Èèyàn dáadáa.
Ó jẹ mí lówó.
Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."